Ọjọ́ tí Kamala gbà pé òun ò wọlé

Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi lórí Kamala Harris, tó jẹ́ igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà tó bá Trump du ipò ààrẹ, torí mo dìbò fún un, Maryland níbí ni mo sì ti dì í.

Ká má parọ́, inú bí mi sí i lóru ọjọ́ tí wọ́n ń ka ìbò ní 2024. Èrò ti pé sí Yunifásítì Howard, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti kàwé jáde ní 1986, wọ́n ń jó, wọ́n ń retí rẹ̀. Ilẹ̀ ṣú títí, ẹlòmíì ni wọ́n rán jáde pé kò ní sọ̀rọ̀ mọ́ lálẹ́ yẹn. Mo ní há, kó tiẹ̀ yọjú kó juwọ́ sí wọn ńkọ́?

Lọ́jọ́ kejì, ó kọjá aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kó tó jáde. Ibiṣẹ́ ni mo wà. A gbé fóònù ti kúlà omi, àwa márùn-ún sì rọ̀gbà yí i ká. Àǹtí ará Jàmáíkà kan ti ń sunkún kí Kamala tó la ẹnu rárá. Kamala ní òun ti pe Trump, òun sì ti kí i kú oríire, ó ní dandan ni ká gba èsì ìbò. Ọ̀rọ̀ tó sọ pé ìgbà tí òkùnkùn bá ṣú dáadáa la máa ń rí ìràwọ̀, tí gbogbo ayé ń pín kiri yẹn, ò ṣe mí ní nǹkan kan, pásítọ̀ wa ń sọ irú ẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ibi tó mú mi ni ibi tó ti ní kì í ṣe ààrẹ, kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú ló yẹ ká ṣe olóòótọ́ sí, bí kò ṣe ìwé òfin ilẹ̀, ẹ̀rí ọkàn wa àti Ọlọ́run wa.

Ọkọ mi ní ojo ni. Ó ní ká ní ilé ni, wọn ì bá ti wà ní kóòtù. Mo ní Fáyẹmí ńkọ́, tó kí Fáyóṣé kú oríire l'Ékìtì ní 2014? Jonathan ńkọ́, tó pe Buhari ní 2015? Ó ní, "Mélòó ni wọ́n, ìyá Tọ́pẹ́?" Mi ò rí èsì fọ̀.

Ṣùgbọ́n ní January 6, 2025, Kamala fúnra rẹ̀ ló darí ìjókòó tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ti ka ìbò àwọn aṣojú ìpínlẹ̀ tó ń yan ààrẹ, torí igbákejì ààrẹ ló ń ṣe é. Ọdún mẹ́rin ṣáájú, ọjọ́ yẹn gan-an làwọn kan fọ́ fèrèsé ilé ìgbìmọ̀ nítorí pé ẹni wọn ò wọlé. Kamala dúró, ó fẹnu ara rẹ̀ kà á: Trump 312, Harris 226. Lójú tèmi o, ìyẹn ju ọ̀rọ̀ tó sọ ní Howard lọ́jọ́ kejì ìbò lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dìbò fún ẹnì kejì, ẹ wá sọ tiyín.