Business Admin: kí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ́ kí ẹ gba dìgírì yín? Ẹ wá sọ tiyín

Ọmọ Ìkọ̀lé

Ẹ̀yin Èkìtì kete, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Àbúrò mi ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ fáfitì, Business Admin tí mo kà lòun náà fẹ́ kà. Ó pè mí lálẹ́ àná, ó ní, "Àǹtí mi, ṣé kí n ṣáà ti máa yege ìdánwò ni, àbí nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀?" Ẹ̀rín pa mí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọ̀hún korò díẹ̀. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí yege gbogbo ìdánwò tí mo ṣe fún ọdún mẹ́rin, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n lẹ orúkọ àwọn tó fẹ́ jáde mọ́ ògiri, orúkọ tèmi ò sí níbẹ̀.

N ò ní dárúkọ ilé ìwé náà, ẹ má wulẹ̀ bi mí. Sáà kejì ní 100 level, ìyẹn ọdún àkọ́kọ́, ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣe ségesège lọ́jọ́ tí mo lọ forúkọ kọ́ọ̀sì mi sílẹ̀ ní kàfé kan nítòsí Fajuyi. Ọmọkùnrin tó ń bá mi tẹ̀ ẹ́ ní gbogbo rẹ̀ ti wọlé, mo sanwó, mo gba ìwé, mo ká a sínú báàgì, mo lọ jẹun. GST kan (General Studies, kọ́ọ̀sì tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe), yúníìtì 2 péré (yúníìtì ni wọ́n fi ń wọn bí kọ́ọ̀sì ṣe wúwo tó), kò wọlé. Mo ṣe ìdánwò rẹ̀ o! Mo jókòó, mo kọ ọ́, wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹni tí orúkọ rẹ̀ ò sí nínú àwọn tó forúkọ sílẹ̀, ta ni wọ́n fẹ́ fi máàkì náà fún?

Nígbà tí èsì jáde, mo rí A, mo rí B, inú mi dùn. Kò wá sí mi lọ́kàn pé kí n ka iye kọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló fi wà bẹ́ẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀.

Ọjọ́ tí mo bá ọ̀gá tó ń mójú tó èsì ìdánwò lẹ́ka wa, ó gbé fáìlì mi jáde, ó mú rúlà onígi kan tí igun rẹ̀ ti jẹ, ó fi ń tẹ̀ lé kọ́ọ̀sì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi báírò pupa sàmì sí wọn. Ó ń ka yúníìtì lábẹ́ ẹnu bí ẹni ń ka owó ẹlẹ́sùsú: "Mẹ́ta, mẹ́fà, mẹ́jọ..." Ó dé ìsàlẹ̀ ìwé 100 level, ó dúró. Rúlà padà sókè. Ó tún un kà. Ó wá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, yúníìtì 2 ló kù fún ọ."

Ọdún kan ni yúníìtì 2 yẹn gbà lọ́wọ́ mi, torí kọ́ọ̀sì sáà kejì ni, àfi kí n dúró kí sáà kejì ọdún tó tẹ̀ lé e tó dé. Àwọn ẹgbẹ́ mi ti wọ kàkí lọ sí àgọ́ NYSC. Èmi jókòó láàárín àwọn ọmọ 100 level, wọ́n ń pè mí ní "màmá".

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ló ṣẹlẹ̀ sí yín? Mo fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ jọ fún àbúrò mi.

Ará Ìjerò

Ó mà ṣe o, Ọmọ Ìkọ̀lé. Tìrẹ tiẹ̀ sàn, o ti wọlé. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti dá tèmi padà.

Ìṣirò ni mo sá fún. Nígbà tí mo fẹ́ ṣe JAMB, mo mú Gẹ̀ẹ́sì, Economics, Government àti Commerce. Mo ní ṣebí òwò ni mo fẹ́ kà, Commerce ló bá òwò mu. Mo gba máàkì tó dáa, gbogbo ilé ń yọ̀, bàbá mi tilẹ̀ pa adìyẹ. A dé ilé ìwé, wọ́n ní Business Admin ò gba ẹni tí kò fi Ìṣirò ṣe JAMB: Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Economics, lẹ́yìn náà kí o mú ẹyọ kan tó bá wù ọ́. Adìyẹ ti lọ.

WAEC mi náà tún rèé, D7 ni mo gbà nínú Ìṣirò. Kírẹ́díìtì márùn-ún ni wọ́n ń béèrè, Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò àti Economics gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Mo tún JAMB ṣe pẹ̀lú Ìṣirò, mo lọ ṣe NECO, mo gba C6, mo pa á pọ̀ mọ́ WAEC. Wọ́n gbà á, torí ìjókòó méjì ò kọjá òfin.

Ibi tó wá dùn sí ni pé Ìṣirò tí mo sá fún lẹ́nu ọ̀nà, inú yàrá ló ti jókòó dè mí. Business Mathematics, Statistics, nígbà tó di 300 level wọ́n tún gbé Operations Research jáde. Kí ẹnikẹ́ni má tan àbúrò rẹ pé Business Admin kì í ṣe ìṣirò.

Ìyá Oníyán Ajílosùn

Èmi ò ka Business Admin, iyán ni mò ń gún. Ọmọ mi ló kà á. Lọ́jọ́ kan ó dé láti ilé ìwé, ojú rẹ̀ rọ, ó ní òun ní kárí-ófà. Mo ní kí ló gbé, ta ló gbé e rù ú? Ó ní kọ́ọ̀sì ni. Mo ní kó sọ ọ́ kalẹ̀ kó wá jẹun. Ẹ̀yìn tó jẹun tán ló tó là á yé mi pé wọ́n ní kó padà lọ tún un kọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gba àwo padà.

Polí-sí-Fáfitì

Hahaha, Màmá, ẹ kú ìnáwó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwa tó gba ẹ̀yìn wọlé, àwa Direct Entry. Mo ní ND (ìwé ẹ̀rí polí) nínú Business Admin, Upper Credit. Lọ́kàn tèmi, mo ti mọ gbogbo rẹ̀. 200 level ni wọ́n fi mí sí, ọdún mẹ́ta dípò mẹ́rin. Mo ń fi àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọjọ́ tí mo gba ìwé kọ́ọ̀sì ni ojú mi là. Àkọ́kọ́, ND ò pa WAEC rẹ́, kírẹ́díìtì márùn-ún yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ èmi náà. Èkejì, àwọn GST tí àwọn tó kù ti ṣe ní 100 level, mo jẹ gbèsè wọn. Ní sáà àkọ́kọ́, kọ́ọ̀sì 200 level mi jẹ́ yúníìtì 21, gbèsè mi jẹ́ 8. Ẹ rò ó pọ̀: 29. Bẹ́ẹ̀ 24 ni òkè ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ lè dé ní sáà kan, kò sì gbọdọ̀ lọ sísàlẹ̀ 15. Mo bẹ̀bẹ̀ títí. HOD, olórí ẹ̀ka wa, wò mí, ó ní, "Ṣé o fẹ́ kí n gbé odò sínú igbá ni?"

Mo wá pín gbèsè náà sí ọdún méjì. Ìyẹn náà tún ní ìyọnu tirẹ̀: GST kan àti Business Statistics bọ́ sí aago kan náà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ọ̀sẹ̀ yìí mo lọ sí ìhín, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ mo lọ sí ọ̀hún. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ti polí wá kò pín tirẹ̀, ó ní gbogbo rẹ̀ dìgbà tóun bá dé 400 level. Ó dé 400 level, ó bá gbèsè, ó bá project (ìwé ìwádìí tí a ń kọ ká tó jáde), ó bá kárí-ófà méjì. N ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè máa kà á.

Bàbá Àgbà Ọ̀yẹ́

Ẹ ò tíì dárúkọ 75. Ẹni tí kò bá wá sí kíláàsì tó ìdá 75 nínú 100, wọ́n lè má jẹ́ kó wọ yàrá ìdánwò. Ọjà ni mò ń tà nígbà náà, mo gbà pé kò sẹ́ni tó ń ka ìwé tí a ń fọwọ́ sí yẹn. Wọ́n kà á.

Jẹ́jẹ́layé

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, 100 level ni mo wà. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣírò CGPA yìí, àròpín máàkì wa, gan-an? Gbogbo èèyàn ń sọ pé "má jẹ́ kó wálẹ̀", kò sẹ́ni tó ń sọ bó ṣe ń gòkè.

Polí-sí-Fáfitì

Àbúrò, mú pẹ́ńsùlù. A (70 sókè) jẹ́ 5, B (60 sí 69) jẹ́ 4, C (50 sí 59) jẹ́ 3, F jẹ́ òdo. Fi yúníìtì kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan sọ pọ́ìntì rẹ̀ di púpọ̀. Ká ní o ṣe kọ́ọ̀sì yúníìtì 3 mẹ́ta, o gba A, B àti C: 15, 12, 9. O tún ṣe yúníìtì 2 mẹ́ta, o gba A, B àti F: 10, 8, 0. Àpapọ̀ pọ́ìntì jẹ́ 54, yúníìtì jẹ́ 15. Pín in: 3.60. Ìyẹn jẹ́ 2:1 (Second Class Upper), torí láti 3.50 dé 4.49 ni. First Class bẹ̀rẹ̀ láti 4.50, 2:2 (Second Class Lower) láti 2.40.

Wàyí o, ká ní C lo gbà níbi tí o ti gba F yẹn, 60 ni ì bá jẹ́ dípò 54. Pín in sí 15, ó di 4.00 géérégé. Kọ́ọ̀sì yúníìtì 2 kan ṣoṣo ló fa gbogbo ìyẹn. Ní ilé ìwé tiwa, tí o bá sì tún un ṣe tí o gba A, F àtijọ́ ò kúrò nínú ìṣirò, àwọn méjèèjì ni wọ́n ń kà.

Akọ̀wé Òkèṣà

Ẹ jẹ́ ká dé orí project, nítorí yúníìtì 6 ló jẹ́ lọ́dọ̀ tiwa, kò sí kọ́ọ̀sì kankan tó wúwo tó o.

Mo kọ tèmi lórí bí àwọn ọlọ́jà kéékèèké ṣe ń ṣe àkọsílẹ̀ owó. Mo tẹ ìwé ìbéèrè 120, mo kó o lọ sí Ọjà Ọba ní Adó. Wọ́n rí mi pẹ̀lú ìwé àti báírò, wọ́n ní agbowó-orí dé. Ìyá aláta kan wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Ṣé o ti ra nǹkan lọ́wọ́ mi ni?" Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ra tòmátì nìyẹn. Ìwé ìbéèrè tí mo gbà padà àti tòmátì tí mo gbé délé, n ò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Obìnrin àgbàlagbà kan ló jẹ́ kí iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi. Èlùbọ́ ló ń tà. Mo bi í bóyá ó ń kọ orúkọ àwọn tó jẹ ẹ́ lówó sílẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn ìsọ̀ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: èédú ló fi fa ìlà sí ẹ̀yìn rẹ̀, ìlà gígùn fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan, ìlà kéékèèké lábẹ́ fún iye kóńgò. Ẹni tó bá san tirẹ̀, ó fi aṣọ tútù nù ún. Kò kọ orúkọ kankan, ó ní òun mọ ìlà olúkúlùkù. Mo kọ gbogbo èyí sí orí kẹrin. Ọ̀gá mi tó ń mójú tó project náà fi báírò gé e kúrò, ó ní, "Níbo ni tábìlì wà?" Mo fi tábìlì sí i. Lọ́jọ́ tí mo dúró níwájú wọn láti gbèjà iṣẹ́ mi, àlejò tó wá láti fáfitì mìíràn ṣí ìwé mi, ó bi mí pé àwọn tí kò mọ̀wé kọ ńkọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń tọ́jú gbèsè. Mo wo ojú ọ̀gá mi. Ó ń wo àjà.

Ará Ìjerò

Mo rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi.

Ọmọ Ìkọ̀lé, ohun kan rèé kí o tó kó gbogbo èyí fún àbúrò rẹ. Má fún un ní àkọsílẹ̀ kọ́ọ̀sì tìrẹ. Láti 2023 ni NUC, àjọ tó ń mójú tó àwọn fáfitì, ti gbé ètò ẹ̀kọ́ tuntun tí wọ́n ń pè ní CCMAS wọlé. Ìdá 70 nínú ẹ̀kọ́ ti ọ̀dọ̀ wọn wá, ilé ìwé kọ̀ọ̀kan ló ń fi ìdá 30 tirẹ̀ kún un. Ohun tí o kà àti ohun tóun máa kà lè má jọra, ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà ní fáfitì mìíràn náà sì lè yàtọ̀. Ìwé ìtọ́sọ́nà ẹ̀ka tirẹ̀, ti ọdún tó wọlé, ni kó gbà.

Ọmọ Ìkọ̀lé

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún un lórí fóònù nírọ̀lẹ́ yìí. Ti tòmátì ló dùn mọ́ ọn jù. Mo ní kó mú ìwé kọ́ọ̀sì rẹ̀ jáde ká jọ ka yúníìtì rẹ̀, ó ní ó wà nínú báàgì, òun ò tíì ṣí i. Mo bi í pé ta ló bá a forúkọ sílẹ̀. Ó ní ọmọkùnrin kan ni, ní kàfé.

Mò ń wọ mọ́tò lọ sí Adó láàárọ̀ ọ̀la.