Ṣúgà kọ̀, kò yọ́ nínú ṣokoléètì mi

Ìyá Ìbejì, Sùúrùlérè:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ìbí àwọn ọmọ ni, mo fẹ́ yọ́ ṣokoléètì tí màá dà sórí kéèkì. Àbúrò ọkọ mi ló gbé e wá láti Oǹdó, kòkó lásán, wọn ò fi ṣúgà kankan sí i. Ó korò bí jogbo! Mo ní kí ló le níbẹ̀, ṣebí ṣúgà wà nílé.

Mo gbé abọ́ lé ìkòkò omi gbígbóná, ṣokoléètì yọ́, ó ń dán. Mo bu ṣúgà ṣíbí mẹ́rin sí i. Mo ro ó, mo ro ó, títí apá fi ń ro mí. Ìgbà tí mo tọ́ ọ wò, àfi bí ẹni ń jẹ iyanrìn etí òkun. Mo fi kún iná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí ohun tó fẹ́ jóná. Ni mo bá ta omi ṣíbí kan péré sí i, kí ṣúgà lè rí nǹkan yọ́ sí. Háà! Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti dì gbagidi bí ẹ̀bà àná.

Alárojà, Ìdúmọ̀tà:
Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Èròjà kéèkì ni mò ń tà, ẹjọ́ yìí kì í tán lọ́rùn mi. Ọ̀rá ló pọ̀ nínú ṣokoléètì, ṣúgà kì í sì í yọ́ nínú ọ̀rá. Omi díẹ̀ ló ń mú un dì. Tí ohun olómi bá pọ̀ tó, á tún tú. Ẹ ò bá ti rọra máa da mílíìkì gbígbóná sí i, kí ẹ máa ro ó. Kò ní le mọ́ bí èyí tí wọ́n ń ṣẹ́ jẹ, ṣùgbọ́n á ṣeé dà sórí kéèkì. Tó bá dìgbà mìíràn, mílíìkì alágolo tó ki, tó ti ní ṣúgà nínú, ni kí ẹ fi sí i. Áísìn ṣúgà náà dáa, ó kúnná, eyín kì í mọ̀ ọ́n. Kí ṣíbí yín ṣáà gbẹ o.

Bàbá Ṣadé, Yábà:
Oyin lèmi fi sí tèmi, mo rò pé mo gbọ́n. Omi wà nínú oyin náà! Ó dì.

Ìyá Ìbejì, Sùúrùlérè:
Mílíìkì wo ni ẹ fẹ́ kí n dà sí i báyìí? Wọ́n ti fi ṣíbí ha ẹ̀bà àná yẹn jẹ tán, tiyanrìn-tiyanrìn. Kéèkì ló kù sílẹ̀.