Ẹ gbà wá nímọ̀ràn: báwo la ó ṣe pín owó tí ọmọ Kétu dá jọ fún àwọn ẹgbẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ nílé?

Ọmọ Òdómẹ̀ta, Kútọnu

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àwa ọmọ Kétu ilẹ̀ Benin tó wà ní Kútọnu, Àjàṣẹ́ àti Èkó, pẹ̀lú àwọn díẹ̀ tó wà ní ilẹ̀ Faransé, la jọ dáwó jọ. Ó ti lé ní 4,000,000 sẹ́fà báyìí. Kì í ṣe owó òkú, kì í ṣe owó ọdún. A fẹ́ fi ran àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ nílé lọ́wọ́: àwọn tó ń wá ìwé ìbí fún ọmọ tí kò ní, àwọn obìnrin tó ń fún òróró ẹ̀pà, ìgbìmọ̀ tó ń tọ́jú ẹ̀rọ omi lábúlé. Àwọn kan nínú wa ní ká gbẹ́ ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo, ká kọ orúkọ ẹgbẹ́ wa gàdàgbà sí i lára, ó parí. Ọkàn mi ò sí níbẹ̀. Àmọ́ bí a bá ní ká pín owó náà, ta la ó fún? Èló la ó fún wọn? Báwo la ó ṣe mọ̀ pé ibi tí wọ́n ní àwọn fẹ́ ná an sí ni wọ́n ná an sí? Ẹni tó bá ti wà nídìí irú rẹ̀ rí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ là wá lóye. Òpin oṣù yìí la máa ṣèpàdé.

Ìyá Àjọ, Kétu

Ọmọ mi, o káre. Ẹ má gbẹ́ ohunkóhun kí ẹ tó wálé wá bi wá. Ẹgbẹ́ tí ẹ bá fẹ́ fún lówó, ẹ lọ jókòó sí ìpàdé wọn láìsọ pé owó ń bọ̀. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ka owó tiwọn. Nínú ẹgbẹ́ tiwa, orí ẹní la máa ń gbé àpótí lé. Àgádágodo mẹ́ta ló wà lára rẹ̀, obìnrin mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, akápò ò sì sí lára wọn. Bí ọ̀kan ò bá wá, àpótí ò ní ṣí lọ́jọ́ náà. Tí a bá ṣí i, a ó da owó sílẹ̀, a ó kà á sókè ketekete, kí ìyá tí kò mọ̀wé tó jókòó lẹ́yìn pátápátá gbọ́ iye rẹ̀, kó sì rántí rẹ̀ di ìpàdé mìíràn. Ìwé kékeré wà lọ́wọ́ kálukú, òǹtẹ̀ la ń lù sí i fún ohun tó bá san. Ẹgbẹ́ tó bá ń ṣe owó ara rẹ̀ báyìí kò ní fi tiyín ṣòfò. Èyí tó jẹ́ pé alága nìkan ló mọ iye tó wà nílẹ̀, ẹ rọra yẹra fún un, bó ti wù kí aṣọ ẹgbẹ́ wọn dára tó.

Akọ̀wé, Pọ́bẹ̀

Òótọ́ ni ìyá sọ. Mo ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó ń pín irú owó yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń lọ.

Àjọ aláàánú ìlú kì í fúnra rẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà. Àárín ló dúró sí: ó ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ fi í ṣe ìlú lóore, ó ń gbé e fún ẹgbẹ́ tó mọ iṣẹ́. Tirẹ̀ ni kó yan ẹgbẹ́ tó yẹ, kó bá wọn ṣàdéhùn, kó sì jíyìn fún ẹni tó dáwó. Nítorí náà, ohun tí ẹ kọ́kọ́ nílò ni ìgbìmọ̀ kékeré, èèyàn márùn-ún tàbí méje, kí ó kéré tán ìdajì wọn máa gbé nílé. Ẹni tó bá ní ìbátan nínú ẹgbẹ́ tó ń béèrè owó, kó jáde síta nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ náà. Ẹ kọ èyí sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó béèrè. Ìlú wa kò tóbi, gbogbo wa la bá ara wa tan, tí ẹ bá dúró dìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ṣẹlẹ̀, ìjà ló máa dà.

Ẹ wá kéde pé ẹ ń gba ìwé ìbéèrè. Ojú ìwé méjì tó: kí lẹ ń ṣe, ta lẹ ń ṣe é fún, ta ni yóò bójú tó o, èló ni, kí lẹ̀yin fúnra yín máa fi sí i. Ẹ gbà kí wọ́n fi Yorùbá kọ ọ́, tàbí kí wọ́n fẹnu sọ ọ́ lórí WhatsApp. Bí ẹ bá ní Faransé nìkan ni, àwọn tó mọ ìwé kọ ló máa kó gbogbo rẹ̀ lọ, àwọn tó mọ iṣẹ́ ṣe á jókòó sílé. Lẹ́yìn náà, kí ẹni méjì lọ wò wọ́n níbi iṣẹ́.

Ẹgbẹ́ tó bá ti ní récépissé, ìyẹn ìwé ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ẹ lè bá a tọwọ́ bọ̀wé ní tààrà, kí ẹ san owó sínú àkáǹtì tó wà lórúkọ ẹgbẹ́, ì báà jẹ́ ní CLCAM, ilé ìfowópamọ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀. Ẹ má fi ránṣẹ́ sórí fóònù alága. Èyí tí kò tíì níwèé, ẹ wá ẹgbẹ́ mìíràn tó ní tí yóò dúró fún un, kí owó gba ọwọ́ ìyẹn kọjá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kí ẹ san án. Kí apá tó pọ̀ jù ṣáájú, torí kò sẹ́ni tó ń fi ọwọ́ òfìfo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí ìyókù tẹ̀ lé e nígbà tí wọ́n bá mú ìròyìn àti ìwé ìsanwó wá.

Ohun kan wà tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tó ń dáwó fẹ́ràn ohun tí wọ́n lè ya fọ́tò rẹ̀. Wọ́n á ra àga, wọ́n á ra báàgì ọmọ iléèwé, ṣùgbọ́n wọn ò ní san owó zemidjan, ọ̀kadà tó ń gbé èrò. Bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ tó ń wá ìwé ìbí fún ọmọ, kí ni iṣẹ́ rẹ̀ bí kò ṣe ìrìn? Láti abúlé dé ọ́fíìsì ìjọba ní arrondissement, láti ibẹ̀ dé ilé ẹjọ́ níbí ní Pọ́bẹ̀, kí wọ́n padà lọ mú ẹlẹ́rìí, kí wọ́n tún mú un wá. Bí ẹ bá yọ owó ọkọ̀ kúrò, iṣẹ́ náà gan-an lẹ yọ kúrò. Owó ọkọ̀, owó fóònù, ohun díẹ̀ fún ẹni tó ń tọ́jú ìwé, ẹ kà á mọ́ ohun tí ẹ máa san, kí ẹ sì san án tinútinú.

Alfa, Kétu

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ ti bi àwọn tó dáwó pé irú owó wo ni wọ́n mú wá? Bí Mùsùlùmí kan bá ti fi zàká rẹ̀, ìyẹn ọrẹ ọ̀ranyàn, sí i, owó yẹn ní òfin tirẹ̀. Ẹni mẹ́jọ ni Kùránì kà sílẹ̀ ní Súrà 9, ẹsẹ 60, pé zàká tọ́ sí: tálákà, aláìní, ẹni tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn, arìnrìn-àjò tó há sọ́nà, àti àwọn yòókù. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló gbà pé ó gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ẹni náà, kó di tirẹ̀. Nítorí náà, ẹ ò lè rì í mọ́ ẹ̀rọ omi. Sàdákà, ìyẹn ọrẹ àtinúwá, ló gbòòrò, ẹ lè fi ìyẹn ṣe omi, ẹ lè fi ṣe ìwé. Ẹ bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi ojú ìwé ọ̀tọ̀ kọ zàká.

Akọ̀wé, Pọ́bẹ̀

Ọlọ́run á bù kún yín, Alfa. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó bá ní opó nìkan ni òun dáwó fún. Ibi tó dárúkọ ni kó lọ.

Ọmọ Ìdígné

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ omi ṣe kékeré. Lórí ilẹ̀ tiwa yìí, omi jìn nísàlẹ̀. Obìnrin tó ti fi òru pọnmi, àárẹ̀ ló máa fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọjọ́. Ẹni tó ní ká gbẹ́ ẹ̀rọ kò sọ ìsọkúsọ.

Olùtọ́jú Ẹ̀rọ, Òpómẹ̀ta

Kò sọ ìsọkúsọ, àbúrò, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ti wà nílẹ̀ tí kì í tú omi mọ́ ńkọ́? Lọ́pọ̀ ìgbà, rọ́bà inú rẹ̀ ló jẹ, tàbí ọ̀pá kan ló ṣẹ́. Kò sí owó nílẹ̀ láti fi ra òmíràn, ẹni tó lè tún un ṣe sì jìnnà, ni koríko bá hù yí i ká. Bí ẹ bá fún ìgbìmọ̀ bíi tiwa lówó láti ra àwọn nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀, kí a sì kọ́ ọ̀dọ́ méjì ní àtúnṣe, omi tó máa jáde lè ju ti ẹ̀rọ tuntun kan lọ. Gbígbẹ́ kò kéré lówó níbi tí omi jìn sí, 4,000,000 lè má gbé e dé ìdajì. Ìjọba ti dá àjọ kan tí wọ́n ń pè ní ANAEPMR sílẹ̀ láti 2017 fún omi ìgbèríko. Ẹ béèrè ní mairie, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, bóyá abúlé tí ẹ ń wò ti wà nínú ètò wọn, kí ẹ má baà gbẹ́lẹ̀ síbi tí páìpù ń bọ̀.

Olùkọ́, Kétu

Lórí ọ̀rọ̀ iléèwé náà, ohun tí ìjọba ti ń san, ẹ má san án lẹ́ẹ̀kejì. Láti 2006 ni iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ti di ọ̀fẹ́. Oúnjẹ ọ̀sán sì wà lábẹ́ ètò tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PAM, àjọ oúnjẹ àgbáyé, ní 2017. Ọmọ tí kò níwèé ìbí ló ń mú mi lọ́kàn. Ó lè jókòó sí kíláàsì, ó lè mọ ìṣirò ju gbogbo wọn lọ, kí ọdún CEP, ìdánwò àṣejáde alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, sì dé kí orúkọ rẹ̀ má lè wọlé. Ẹgbẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn, ẹ fún wọn lówó láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́. Bí ẹ bá dúró di ìgbà tí wọ́n ń kọ orúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò, ilé ẹjọ́ ò ní yára fún yín.

Ọmọ Òdómẹ̀ta, Kútọnu

Ẹ ṣé púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀gbọ́n kan nínú wa ní ká fi ìdajì sí bánkì ká má ná an, kó jẹ́ èrè rẹ̀ la ó máa pín lọ́dọọdún. Kí lẹ rí sí i?

Ọmọ Kétu, Paris

Bí àwọn àjọ ìlú ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní Cleveland, ní Amẹ́ríkà, ní 1914, agbẹjọ́rò kan tó ń darí ilé ìfowópamọ́, Frederick Goff, rí i pé àwọn olówó ń kú, wọ́n ń fi owó sílẹ̀ fún ohun kan pàtó. Nígbà tó bá yá, ohun náà ò ní sí mọ́, owó á wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè fọwọ́ kàn án. Ó kó irú owó bẹ́ẹ̀ sábẹ́ àjọ kan, ó sì yan àwọn ará ìlú tó lè sọ pé, níwọ̀n bí ti àná ti kọjá, ibí ni kó lọ báyìí. Ní Áfíríkà, Kenya ti ní irú rẹ̀ láti 1997, KCDF ni wọ́n ń pè é. Nítorí náà, nínú ìwé tí ẹ máa bá àwọn tó dáwó kọ, ẹ fi gbólóhùn kan sí i pé bí ohun tí wọ́n dárúkọ bá ti rí ìtọ́jú, kí ìgbìmọ̀ lè gbé owó lọ síbi tó sún mọ́ ọn jù lọ.

Akọ̀wé, Pọ́bẹ̀

Gbólóhùn yẹn ṣe pàtàkì, ẹ má gbàgbé rẹ̀. Ní ti ká fi ìdajì pamọ́, èmi ò fara mọ́ ọn fún báyìí. Èrè orí 2,000,000 lọ́dún kò ní tó ohun tí ẹgbẹ́ kan lè fi ṣiṣẹ́. Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ fún ohun àìròtẹ́lẹ̀, ẹ ná ìyókù fún ẹgbẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó dáwó rí iṣẹ́ náà, wọ́n á tún dá, àwọn mìíràn á sì wọlé. Nígbà tí owó bá ti pọ̀, ẹ lè wá sọ̀rọ̀ owó tí a kì í ná.

Ìyá Àjọ, Kétu

Kí wọ́n sì wá jábọ̀ níta gbangba, lójú àwọn tí wọ́n ní àwọn ń ṣe é fún. Ìwé tí ẹ̀yin nìkan kà ní Kútọnu kò tó.

Ọmọ Òdómẹ̀ta, Kútọnu

A gbọ́, ìyá. Ohun tí mo máa gbé lọ sípàdé ni pé ká yan ìgbìmọ̀ ẹni méje, mẹ́rin láti ilé. Ká bi gbogbo ẹni tó dáwó nípa zàká. Kí ìwé ìbí àti àtúnṣe ẹ̀rọ omi ṣáájú, kí owó ọkọ̀ wà nínú rẹ̀, kí àwọn obìnrin elépo ẹ̀pà sì lè béèrè bí wọ́n bá fẹ́. Èmi á bá ẹ̀gbọ́n wa sọ̀rọ̀ lórí ti bánkì. Ó ku ibì kan: ta ló mọ ẹgbẹ́ tó ní récépissé ní Adakplamè tó lè dúró fún àwọn kékeré tí kò tíì níwèé?

Olùkọ́, Kétu

Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí mo mọ iṣẹ́ wọn dáadáa. Mo ti kọ̀wé sí ọ níkọ̀kọ̀. Máa lọ lọ́jọ́ ìpàdé wọn.