Fífọ duvet àti kúbùsù nínípọn nílé: gbígbẹ ló gba sùúrù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Kí ẹ tó da omi sí duvet, kúbùsù tàbí ìrọ̀rí, ẹ ka aṣọ pélébé tí wọ́n rán mọ́ igun rẹ̀. Bí ẹ bá rí àwòrán ọpọ́n omi tí wọ́n fa ìlà méjì kọjá lórí rẹ̀, a kì í fi omi fọ irú ẹ̀ nílé. Bí wọ́n bá kọ 40 sínú ọpọ́n náà, omi kò gbọ́dọ̀ gbóná ju 40°C lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ọwọ́ tọ ojú rírán rẹ̀ yíká. Ihò tí ìka kan lè wọ̀ ti tó dá wàhálà sílẹ̀: bí omi bá ti wọ̀ ọ́ lára, ìwúwo rẹ̀ yóò fa ihò náà ya, ohun inú rẹ̀ yóò sì tú jáde lọ dí asẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ rán an ná.

Ti ẹ̀rọ ìfọṣọ ńkọ́? Nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀rọ, bíi 7 kg tàbí 9 kg, ìwúwo aṣọ gbígbẹ ni. Duvet kì í wúwo, àyè ló ń gbà. Èyí tí kò ju 2 kg lọ lè kún inú ẹ̀rọ 7 kg fọ́fọ́. Ẹ gbé e sínú rẹ̀ ní gbígbẹ, kí ẹ na ọwọ́ sí òkè rẹ̀: bí àtẹ́lẹwọ́ kò bá rí àyè kọjá, ó ti pọ̀ jù fún ẹ̀rọ yẹn. Omi ọṣẹ kò ní dé àárín rẹ̀, èyí tó bá sì débẹ̀ kò ní ṣàn jáde. Ẹ gbé e lọ síbi tí ẹ̀rọ ńlá wà, tàbí kí ẹ fi ẹsẹ̀ fọ̀ ọ́.

*

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ fi ti ọṣẹ kún un, torí ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wa ti ń ṣàṣejù. Ìdajì ọṣẹ tí ẹ ń lò fún aṣọ tó kún ẹ̀rọ ti tó. Ọṣẹ olómi ló dáa jù, nítorí ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú tí kò yòrò tán máa ń lẹ̀ mọ́ inú. Ọṣẹ tó bá kù sínú duvet á mú kó le gbagidi, á sì máa fa ìdọ̀tí mọ́ra. Ẹ ṣan án lẹ́ẹ̀mejì, ó kéré tán, kí ẹ wá fún igun kan sínú abọ́ omi mímọ́. Bí ìfóòfó bá ṣì yọ, ẹ tún un ṣan. Ohun tí wọ́n ń dà sí aṣọ kó lè rọ̀ kó sì máa ta sánsán, ẹ fi sílẹ̀ pátápátá. Ó máa ń bo ìyẹ́ inú duvet, ìyẹ́ náà kò sì ní wú dáadáa mọ́.

Bí eruku ibùsùn bá ń mú ẹnì kan nínú ilé sín, omi 60°C ló ń pa àwọn kòkòrò tín-tìn-tín inú rẹ̀, bí aṣọ pélébé yẹn bá gbà á láyè.

*

Tí ẹ̀rọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í lu gbàgàgbàgà nígbà tó ń fún aṣọ, ẹ dá a dúró. Gbogbo rẹ̀ ti kó jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni. Ẹ tú u ká yíká inú ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kó tún un fún. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í fọ ìrọ̀rí kan ṣoṣo. Ẹ fi méjì kojú síra. Ẹ̀rọ tó ń gba aṣọ láti òkè, tó sì ní òpó láàárín, ẹ má we duvet yí òpó náà ká. Yóò lọ́ ọ, yóò sì ya á. Bí fífún àkọ́kọ́ bá parí, ẹ tún un fún lẹ́ẹ̀kejì láìda omi sí i. Ó máa ń dín wákàtí gbígbẹ kù gan-an.

*

Ẹ̀yin tí ẹ̀rọ yín kò gbà á, ẹ da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ dé ìdajì ọpọ́n ìwẹ̀ ńlá, kí ọṣẹ yòrò tán nínú rẹ̀ kí ẹ tó ki duvet bọ̀ ọ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láti etí kan dé èkejì kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á máa léfòó, àárín rẹ̀ kò sì ní rin. Ẹ rẹ ẹ́ fún ìṣẹ́jú 30, kí ẹ fi ẹsẹ̀ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ fún bíi ìṣẹ́jú 10, kí ẹ yí i padà, kí ẹ tẹ ẹ̀yìn náà.

Ìgbà tí a bá ń gbé e jáde ló máa ń ya. Ẹ má fi igun kan fà á sókè. Ẹ tú omi dànù, ẹ ká a jọ sínú ọpọ́n náà, ẹ tẹ omi ara rẹ̀ jáde, ẹ jẹ́ kó ro fún bíi wákàtí kan, kí ẹ wá fi apá méjèèjì gbé e láti abẹ́ bí ẹni gbé ọmọ. Ẹ má sì lọ́ ọ. Lílọ́ ló ń já òwú tí wọ́n fi pín inú rẹ̀ sí ìsọ̀rí ìsọ̀rí, tí ohun inú rẹ̀ fi ń sá jọ sí igun kan.

*

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí gbígbẹ, torí ibẹ̀ ni duvet tó mọ́ ti ń bàjẹ́. Okùn kan kò tó. Bí ẹ bá sá a sórí okùn kan ṣoṣo, apá méjèèjì á lẹ̀ mọ́ra, inú kò ní rí afẹ́fẹ́. Omi á sì ro lọ sísàlẹ̀, á fa ohun inú rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ẹ tẹ́ ẹ sórí okùn méjì tàbí mẹ́ta tó jìnnà síra díẹ̀, kó tẹ̀ sílẹ̀ láàárín wọn. Ní wákàtí méjì-méjì, ẹ yí i padà, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ fi ọwọ́ tú ibi tó bá dì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, kí ẹ sì kó o wọlé kí ìrì tó sẹ̀. Bí kò bá tíì gbẹ, ẹ tẹ́ ẹ síwájú fáànù, ẹ má ká a. Ohun tó bá tutù ju ọjọ́ kan sí méjì lọ ló ń bu, tí àmì dúdú ń yọ lára rẹ̀.

Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ ìgbẹṣọ, ooru díẹ̀ ni kí ẹ lò. Ooru púpọ̀ á gbẹ ìta, á fi inú sílẹ̀ ní tútù, á sì mú kí ìyẹ́ máa ṣẹ́. Ẹ ju bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì mímọ́ méjì tàbí mẹ́ta sí i kó máa lu ibi tó dì. Ní gbogbo ìṣẹ́jú 30, ẹ yọ ọ́, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ dá a padà. Duvet oníyẹ̀ẹ́ lè gba wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ó ti gbẹ? Ẹ jẹ́ kó tutù fún ìṣẹ́jú 20 ná, torí ohun gbígbóná kì í jẹ́ kí ọwọ́ mọ ọ̀rinrin. Ẹ wá fi ìka wá àárín rẹ̀ kiri: ibi tí ẹ bá ti ba kókó, omi ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀nà tó dájú jù ni kí ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Ìgbà tí ìwọ̀n rẹ̀ bá padà sí ti tẹ́lẹ̀ ló tó gbẹ.

*

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n yẹn dáa gan-an, ẹ̀gbọ́n. Bó bá jẹ́ àbàwọ́n kan ló wà lára rẹ̀, kò pọn dandan kí ẹ fọ gbogbo rẹ̀. Ẹ ti ohun inú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fi rọ́bà so aṣọ ibẹ̀, ẹ fọ ibẹ̀ nìkan. Omi tútù ni fún ẹ̀jẹ̀. Omi gbígbóná ń mú un wọra. Ìtọ̀ náà, omi tútù lẹ́ẹ̀kọ́kọ́, kí ẹ tó fi ọṣẹ rẹ ẹ́. Ẹ má da bílíìṣì sórí ìtọ̀, ẹ má sì po bílíìṣì pọ̀ mọ́ ọtí kíkan: afẹ́fẹ́ tó máa jáde níbẹ̀ ń ṣe ẹ̀dọ̀fóró ní jàǹbá.

*

Kúbùsù irun àgùntàn kò fẹ́ ooru, kò sì fẹ́ kí a máa bó o. Omi 30°C tàbí tútù, ẹ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, kí ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹrẹsẹ lórí aṣọ ìnura kó gbẹ, kó má bàa fà.

Ìrọ̀rí fóòmù kì í wọ ẹ̀rọ rárá. Ó máa ń mu omi yó, á wá fà ya. Aṣọ rírin tí a kán ọṣẹ díẹ̀ sí ni kí ẹ fi nù ún. Ẹ má sì sá a sóòrùn, torí oòrùn ń sọ fóòmù di pupa rúsúrúsú, á sì máa rún. Ibòjì tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí ni kí ẹ gbé e sí.