Tíráńsífọ́mà àti Kàpásítọ̀ Kọ́ìlì Tesla: Ìrírí Wa ní Abẹ́òkúta

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará. Kọ́ìlì Tesla ni ẹ̀rọ tó ń gbé fóòtì iná ga títí iná yóò fi máa ta sínú afẹ́fẹ́ bíi mànàmáná; tíráńsífọ́mà ló ń kọ́kọ́ gbé fóòtì sókè fún un, kàpásítọ̀ ló sì ń kó iná náà jọ. Nítorí àwọn tó ń béèrè irú kàpásítọ̀ tí ó yẹ tíráńsífọ́mà wọn, mo fẹ́ sọ bí èmi àti ẹ̀gbọ́n kan tó ń tún rédíò ṣe ní Láfẹ́ńwá ṣe ṣe tiwa. Ara pátákó oníná àtijọ́ ti ilé ìtura kan ni a ti yọ tíráńsífọ́mà náà. Wọ́n kọ ọ́ sí ara rẹ̀ pé iná 230 fóòtì ni kó máa wọ inú rẹ̀, pé 15,000 fóòtì ni yóò máa gbé jáde, àti pé iná tó lè ṣàn jáde níbẹ̀ kò ju 30 mílíáńpíà lọ. Bí a bá fi 0.03 áńpíà pín 15,000 fóòtì, 500,000 ómù (òǹkà ìdènà iná) ni a ó rí, kàpásítọ̀ tí ìdènà rẹ̀ bá sì tó iye kan náà ni ó bá a dọ́gba gẹ́lẹ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló ṣe ọ̀pọ̀ tábìlì ìṣirò tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, iná tiwọn sì ń yí padà nígbà 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nígbà tí ti Nàìjíríà ń yí nígbà 50. Lọ́dọ̀ wọn, 5.3 nanofárádì (òǹkà bí iná tí kàpásítọ̀ lè gbà ṣe pọ̀ tó) ni ó dọ́gba pẹ̀lú irú tíráńsífọ́mà bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, 6.4 ni. Ìdọ́gba gẹ́lẹ́ yìí gan-an ni ewu, nítorí pé bí iná kò bá tètè fo àlàfo, ìyẹn àyè tó wà láàárín irin méjì tí iná inú kàpásítọ̀ ń fò kọjá sínú kọ́ìlì, ìyípo kọ̀ọ̀kan yóò máa ti fóòtì náà sókè títí yóò fi ju ohun tí wọ́n ṣe tíráńsífọ́mà náà fún lọ. Ọ̀dọ́kùnrin kan ní Ìbarà lo 6.4, inú tíráńsífọ́mà rẹ̀ sì jóná. Fún àlàfo tí kì í yí, ìyẹn èyí tí irin rẹ̀ dúró sójú kan, ìlọ́po kan ààbọ̀ ni àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ń lò, èyí tó mú wa dé nǹkan bíi 9.6. Ẹni tó bá da 8 kọ láti inú tábìlì Amẹ́ríkà, ìyẹn ìlọ́po kan ààbọ̀ 5.3 tiwọn, ìdá kan nínú mẹ́rin péré ni yóò fi ju 6.4 tó léwu lọ.

Kàpásítọ̀ polypropylene (irú ike kan) kéékèèké, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 150 nanofárádì fún 2,000 fóòtì, ni a rà. Ẹ̀gbọ́n ní 11 ti tó. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ténté orí 15,000 fóòtì, ibi tó ti ga jù nínú ìyípo kan, tó 21,200, 11 yóò fún wa ní 22,000 péré, 13.6 nanofárádì ni yóò sì jẹ́, kò ní lè kún dáadáa kí ìyípo tó parí.” Wọ́n gbà. A so 15 tẹ̀lé ara wọn, ó di 10 nanofárádì àti 30,000 fóòtì, a sì fi rẹsísítọ̀ mẹ́gáómù 10 sí ara ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti ẹsẹ̀ rẹ̀ kan dé ìkejì, kí iná má baà sùn sínú rẹ̀, nítorí iná tó sùn síbẹ̀ lè pa ènìyàn.

Fóòtì àdúgbò wa sì máa ń lọ sílẹ̀ sí 180 nírọ̀lẹ́. Nígbà náà, ó máa ń wu ènìyàn láti fẹ àlàfo náà tàbí kí ó tún un tò. Ẹ má ṣe fẹ̀ ẹ́ rárá: bí àlàfo náà bá fẹ̀ jù, iná kò ní tètè fò ó, fóòtì yóò sì máa gun òkè, pàápàá nígbà tí iná bá padà sí 230. Nígbà tí fóòtì bá pé ni kí ẹ tò ó.

— Èsì láti ọ̀dọ̀ òǹkàwé kan: Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ìtòkú ni èmi ń gbé, jẹnẹrétọ̀ ni mo sì ń lò. Tíráńsífọ́mà mi jẹ́ 9,000 fóòtì àti 30 mílíáńpíà, ìdọ́gba rẹ̀ sì jẹ́ 10.6 nanofárádì, irú kàpásítọ̀ tiyín mẹ́wàá ni mo so tẹ̀lé ara wọn, ó di 15 nanofárádì. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé bí jẹnẹrétọ̀ bá ń rẹ̀wẹ̀sì nítorí ẹrù, tí ìyípo rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ láti 50 dé nǹkan bíi 42 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kàpásítọ̀ 15 nanofárádì yẹn náà yóò wá dọ́gba gẹ́lẹ́. Nítorí náà, mo máa ń yọ fíríìjì àti áyọ́ọ̀nù kúrò lára rẹ̀ kí n tó tan kọ́ìlì mi.