Projector tòkunbọ̀ tí mo rà fún bàbá mi: ṣé kí n tẹ Reset Lamp Hours?

Ọmọ Tíṣà, Ìbàdàn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èdè ẹ̀rọ.

Bàbá mi ti lé ní 80 ọdún, ojú wọn ò sì ríran bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá ń wo bọ́ọ̀lù, wọ́n á sún àga mọ́ tẹlifíṣọ̀n títí orúnkún wọn á fi kan tábìlì, síbẹ̀ wọ́n á máa bi wá pé, "Ta ló gbá ìyẹn?" Ìdí nìyẹn tí mo fi ra projector tòkunbọ̀ kan lóṣù tó kọjá, kí àwòrán lè kún ògiri fún wọn. Oní-LCD ni.

Wàhálà ibẹ̀ rèé. Orí tábìlì kékeré ni mo gbé e lé, mo wá fi ìwé méjì ti ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kó lè wòkè. Àwòrán fẹ̀ lókè, ó fún nísàlẹ̀, bí àrọ tí a fi ń rọ kẹrosíìnì. Mo wọ inú menu, mo tẹ Keystone títí ó fi gún, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó ń kọjá lábẹ́ ìròyìn wá di jákujàku. Fáànù rẹ̀ ń pariwo bí ẹ̀rọ ata. Ó ń kọ ọ́ pé kí n nu asẹ́ afẹ́fẹ́ rẹ̀; bí mo bá tẹ ọ̀rọ̀ náà kúrò, ó tún padà wá. Funfun rẹ̀ ò funfun mọ́, ó pọ́n rúsúrúsú bí ògì tí epo ta sí. Èyí tó já mi láyà jù ni pé lánàá, lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 40, ó kú fúnra rẹ̀, iná kan sì ń ṣẹ́jú lára rẹ̀.

Ẹni tó tà á fún mi ní kí n lọ sí Reset, kí n tẹ Reset Lamp Hours, èyí tó ń dá iye wákàtí tí gílóòbù ti lò padà sí 0, pé gbogbo rẹ̀ á lọ sílẹ̀. Mi ò tíì tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo wo Info, wákàtí 212 péré ni wọ́n kọ pé gílóòbù ti lò. Ṣé kí n tẹ̀ ẹ́?

Bàbá Ìbejì

Ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Èmi máa ń tẹ̀ ẹ́ ní tèmi o. Ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ni mo ní, mi ò lè máa ra gílóòbù tuntun ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ bá ti ráhùn. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ náà á kúrò lójú yín.

Atúnẹ̀rọṣe

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Bàbá Ìbejì, ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo ń fi ọwọ́ ṣe lójoojúmọ́ nìyí.

Projector kì í wo gílóòbù kó tó sọ pé ó ti gbó. Ó kàn ń ka wákàtí ni, bí ìyá ẹlẹ́kọ ṣe ń fi ẹfun fa ilà sára ògiri fún ẹni tó jẹ ẹ́ lówó. Ẹ lè fi omi nu ilà náà, owó ẹlẹ́kọ ṣì wà lọ́rùn yín. Púpọ̀ nínú àwọn gílóòbù yìí, wákàtí 2,000 sí 5,000 ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Eco, ètò inú menu tó ń dín ìmọ́lẹ̀ gílóòbù kù, máa ń jẹ́ kó pẹ́ sí i. Wọn kì í ṣe irú gílóòbù tí à ń ta sókè àjà. Mẹ́kúrì, tó jẹ́ májèlé, wà nínú wọn, ohun tó wà nínú wọn á sì máa tì wọ́n gidigidi nígbà tí wọ́n bá gbóná. Èyí tó bá ti lo ọjọ́ rẹ̀ tán lè bẹ́. Bó bá bẹ́, ẹ yọ ẹ̀rọ kúrò lára iná, ẹ ṣí gbogbo fèrèsé, kí ènìyàn má sì jókòó sínú yàrá náà.

Ọmọ Tíṣà, 212 tí ẹ rí yẹn ò bá ohun tí ẹ sọ mu. Gílóòbù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lo wákàtí 212 kì í pọ́n rúsúrúsú. Ó jọ pé ẹnìkan ti tẹ Reset yẹn kí ẹ̀rọ náà tó dé ọwọ́ yín. Ẹ tún Info náà wò: àwọn ẹ̀rọ kan máa ń kọ wákàtí gílóòbù lọ́tọ̀, wọ́n á sì kọ iye wákàtí tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀. Ẹni tó pa ọ̀kan rẹ́ kì í sábà lè pa èkejì.

Kí ẹ tó náwó, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ẹ bá ti nu asẹ́ rẹ̀ tán, ẹ ṣe nǹkan méjì fún mi. Ẹ wo Color Mode. Bí ó bá wà ní Dynamic, ẹ gbé e sí Natural tàbí Cinema. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àwòrán tó funfun pátá hàn lára ògiri, kí ẹ pa iná yàrá. Bí pípọ́n náà bá dọ́gba káàkiri, tí àwòrán sì ṣókùnkùn, gílóòbù ni. Bí ó bá jẹ́ apá kan ló pọ́n bí ibi tí tíì dà sí, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn: awẹ́ tín-ín-rín kan wà nínú ẹ̀rọ tí ìmọ́lẹ̀ búlúù ń gbà kọjá, ooru ló ń jó o. Gílóòbù tuntun ò lè wo ìyẹn sàn.

Ní ti kíkú tó kú, asẹ́ ni. Ẹ má tún tàn án títí ẹ ó fi yọ ọ́ wò. Ẹ pa á, ẹ yọ wáyà rẹ̀, ẹ jẹ́ kó tutù. Búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ ni kí ẹ fi gbọn eruku náà nù. Ẹ má fi omi fọ̀ ọ́ àyàfi bí ìwé ẹ̀rọ yín bá sọ bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nínú asẹ́ yìí ni omi máa ń bà jẹ́.

Oníṣẹ́ Fídíò, Abẹ́òkúta

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti àwòrán tó dà bí àrọ. Ẹ yọ ìwé méjèèjì yẹn lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Gbígbé tí ẹ gbé e wòkè ló fà á. Iye tóótòòtó tí projector fi ń ya àwòrán ò lè pọ̀ sí i. Bí ẹ bá tẹ Keystone, ńṣe ló ń fún apá kan àwòrán mọ́ra, ó sì ń sọ díẹ̀ nínú tóótòòtó náà nù. Ojú ènìyàn lè má mọ̀ nínú bọ́ọ̀lù, àmọ́ ọ̀rọ̀ kéékèèké á tú u fó.

Ẹ wá ibi tí ẹ̀rọ náà á ti kọjú sí ògiri gbọọrọ, kó má wòkè, kó má wo ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá rí bọ́tìnnì roboto kan lórí rẹ̀ tó ń gbé àwòrán lọ sókè sódò láìmi ẹ̀rọ, Lens Shift nìyẹn, òun ni kí ẹ lò, torí dígí ló ń sún, kò fọwọ́ kan tóótòòtó kankan. Ẹ wá dá Keystone padà sí 0. Ẹ pe Test Pattern jáde láti inú menu, kí ẹ fi ilà rẹ̀ tún ojú dígí ṣe títí àwòrán á fi hàn kedere. Èmi kì í fi àwòrán ojú ènìyàn tún un ṣe láé, irú àwòrán bẹ́ẹ̀ máa ń tanni.

Bí ẹ bá fẹ́ fi kọ́ sókè àjà, abẹ́ rẹ̀ ló máa kọjú sókè, ẹ ó sì lọ sí Projection, kí ẹ mú Front/Ceiling, kí àwòrán má bàa dorí kodò. Epson ni mo ń lò; bí mo bá tẹ A/V Mute mọ́lẹ̀ lórí rìmóòtù fún bí ìṣẹ́jú àáyá 5, àwòrán á yí padà fúnra rẹ̀. Ó ti gbà mí sílẹ̀ lóde ìgbéyàwó rí.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Jos

Ẹ wo High Altitude Mode náà. Ibi tó ga ju bí 1,500 mítà lọ ni wọ́n ṣe é fún, torí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, fáànù ní láti sáré sí i. Jos tí mo wà yìí, bí 1,200 mítà ni, mi ò sì tan tèmi. Ìbàdàn wà nísàlẹ̀ jìnnà sí ìyẹn.

Atúnẹ̀rọṣe

Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí High Altitude Mode yẹn bá wà ní títàn, ẹ nu asẹ́ ná kí ẹ tó pa á. Bí asẹ́ bá ṣì dí, ariwo fáànù yẹn ló ń gba ẹ̀rọ yín là.

Ìyá Àdùnní

Ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ iná o. Bí wọ́n bá mú iná lọ lójijì, fáànù á dúró, gbogbo ooru á sì há mọ́ gílóòbù lára. Orí ínfátà ni kí ẹ so ó mọ́. Bí ẹ bá ń pa á, rìmóòtù ni kí ẹ fi pa á, kí ẹ ní sùúrù títí fáànù á fi dákẹ́, kí ẹ tó fọwọ́ kan wáyà. Ẹ tún wo Direct Power On, ẹ pa á. A ò mọ̀ pé tiwa wà ní títàn. A lọ síbi òkú ní Ìjẹ̀bú, iná dé lẹ́yìn wa, ẹ̀rọ tan ara rẹ̀, ó sì fi ògiri òfìfo ṣe ìran di ọjọ́ kejì. Ẹ jẹ́ kí Sleep Mode wà ní títàn, kó lè pa ara rẹ̀ bí kò bá rí ohun tó ń fi hàn.

Bàbá Ìbejì

Atúnẹ̀rọṣe, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yín. Kí n má parọ́, ọ̀kan bẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́dún tó kọjá, bọ́ọ̀lù ń lọ lọ́wọ́, ilé sì kún. A rò pé táyà ló fọ́ níta. Mi ò mọ̀ pé mẹ́kúrì wà nínú rẹ̀. Àwa àti àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ la jọ dúró tì í tí à ń gbá ìfọ́ rẹ̀. Ọmọ Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fagi lé ohun tí mo sọ lókè.

Ọmọ Tíṣà, Ìbàdàn

Ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an. Mo padà wá jábọ̀, ó pé ọjọ́ mẹ́fà.

Mo ṣí ilẹ̀kùn asẹ́. Ẹ̀yin ará, mi ò rí asẹ́, eruku ni mo rí. Ó nípọn, ó rọ̀ bí òwú, àwọ̀ eérú, ìyẹ́ aáyán méjì sì há sínú rẹ̀. Nígbà tí mo gbọ̀n ọ́n tán tí mo tàn án, fáànù lọ sílẹ̀, kò sì kú mọ́. High Altitude wà ní títàn lóòótọ́, mo ti pa á.

Mo wo Info dé ìsàlẹ̀: gílóòbù 212, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ 6,890. Mo pe ẹni tó tà á, mo ka iye náà sí i létí. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní òun á dá díẹ̀ padà nínú owó náà. Ó ti dá a padà.

Mo ra gílóòbù tuntun pẹ̀lú ilé rẹ̀ pọ̀. Mo jẹ́ kí ẹ̀rọ tutù fún wákàtí kan gbáko, mi ò fọwọ́ kan dígí rẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ tàn án, kò dáhùn, àyà mi já. Àṣé mi ò tíì de ìdérí rẹ̀ dáadáa. Ìgbà tí mo de é tán tó tàn ni mo tó lọ tẹ Reset Lamp Hours. Àwòrán mọ́, àmọ́ igun òsì ṣì pọ́n díẹ̀, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ bí Atúnẹ̀rọṣe ṣe wí nípa awẹ́ yẹn. Mo fi hàn bàbá. Wọ́n ní àwọn ò rí pípọ́n kankan, kí n kúrò níwájú ògiri, pé mo dí ẹni tó fẹ́ gbá kọ́nà mọ́ àwọn lójú.

Atúnẹ̀rọṣe

Ẹ fi igun yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, owó rẹ̀ á pọ̀ ju èrè rẹ̀ lọ. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ pààrọ̀ gílóòbù sórí tépù funfun, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ ẹ̀rọ. Bí ọyẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, ẹ máa ṣí asẹ́ wò lọ́sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta, ẹ má dúró de ọ̀rọ̀ tó máa jáde lójú ògiri.

Ọmọ Tíṣà, Ìbàdàn

Mo ti lẹ̀ ẹ́.