Ohun tí géèmù kọ́ wa nípa títa bíà ilé ìpọntí kékeré: ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìrírí yín

Ẹ̀yin ará, ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi. Iṣẹ́ ọtí pípọn ni mo ń ṣe. Ilé ìpọntí wa kò tóbi, a kò sì ní irú owó tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá fi ń polówó. Géèmù ni mo fi ń najú lẹ́yìn iṣẹ́, inú rẹ̀ gan-an ni mo sì ti rí ohun tó wúlò jù lọ fún títa ọtí wa, pé kì í ṣe àlàyé ló ń sọ àlejò di oníbàárà bí kò ṣe ohun tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe tí ó sì yé e.

Ẹ wo ìpele àkọ́kọ́ nínú géèmù Super Mario Bros., tí ilé-iṣẹ́ Nintendo gbé jáde ní ọdún 1985. Mario, ẹni tí à ń darí nínú rẹ̀, dúró sí apá òsì, àyè gbalasa wà ní apá ọ̀tún, nítorí náà ẹni tó ń gbá a mọ ibi tó yẹ kó gbà láìjẹ́ pé a sọ fún un. Kò pẹ́ tí ọ̀tá kékeré kan fi ń rìn bọ̀. Bí ẹni náà kò bá fò, Mario á kú, ṣùgbọ́n kíá ni yóò tún bẹ̀rẹ̀, kò sì pàdánù nǹkan púpọ̀. Láti inú àpótí kan tó ní àmì ìbéèrè lára ni olú kan ti ń jáde, tí ó sá lọ síwájú, tí ó kọlu ọ̀pá ńlá kan, tí ó sì ṣẹ́rí padà wá bá ẹni náà, tó fi jẹ́ pé bí kò bá tiẹ̀ fẹ́ mú un, ó ṣòro kó tó yẹ̀ ẹ́. Bí ó ṣe mọ̀ pé olú ń sọ Mario di ńlá nìyẹn. Shigeru Miyamoto, ẹni tó ṣe géèmù náà, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí àlejò ń bá pàdé ní ọ̀pọ̀ ilé ìpọntí kékeré. Pátákó gígùn ni, orúkọ oríṣi bíà kún inú rẹ̀ bámúbámú, IPA (tó máa ń korò), stout, saison, pẹ̀lú òǹkà IBU tí a fi ń wọn ìkorò. Àwa tí ń pọn ọtí fẹ́ràn àwọn òǹkà wọ̀nyí, nítorí pé làálàá wa ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó wọlé fún ìgbà àkọ́kọ́ ń wò ó bí akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n gbé ìdánwò tí kò kàwé fún sí níwájú, ojú sì ń tì í láti béèrè. Ó lè wá mu èyí tó korò jù, kó má sì padà wá mọ́.

Ohun tí a ṣe ni pé a gbé pátákó náà kúrò ní iwájú. Ẹni tí kò wá rí ń gba ife kékeré mẹ́rin, tí a tò láti orí èyí tó fúyẹ́ dé orí èyí tó korò, nítorí pé ahọ́n tí ó ti kọ́kọ́ tọ́ ọ̀pọ̀ hops (òdòdó tó ń mú bíà korò, tó sì ń fún un ní òórùn) wò kì í tètè gbọ́ adùn tó rọra mọ́. Agbọ́tí wa kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń béèrè: èwo ni ẹ fẹ́ tún mu nínú wọn? Ìdáhùn yẹn ló ń tọ́ka sí èyí tí yóò gbé wá tẹ̀lé e. Lẹ́yìn tí àlejò bá ti mu ún, tí ó sì sọ pé ó dùn, ni a óò tó sọ fún un pé saison ni wọ́n ń pe irú rẹ̀, nítorí pé ìgbà yẹn ni orúkọ náà rí ibi so mọ́ nínú ọkàn rẹ̀. Mo ti rí àwọn tó ní àwọn kò fẹ́ràn ìkorò rárá tí wọ́n tọ ọ̀nà yìí dé ìdí IPA, tí wọ́n sì ń mú ọ̀rẹ́ wọn wá, tí àwọn fúnra wọn wá ń ṣe atọ́nà fún ọ̀rẹ́ náà. Mi ò rò pé owó lè ra irú ìpolówó bẹ́ẹ̀.

Bákan náà, nígbà tí ilé-iṣẹ́ id Software gbé géèmù Doom jáde ní ọdún 1993, apá àkọ́kọ́ rẹ̀ lódidi ni wọ́n fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ kí àwọn ènìyàn máa dà á kọ fún ara wọn. Ẹni tó bá fẹ́ ìyókù ni yóò sanwó. Bí a bá máa fún ènìyàn ní ìtọ́wò, ẹ jẹ́ kó jẹ́ bíà wa tó dára jù, kì í ṣe èyí tí a ń wá bí yóò ṣe tán.

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń bójú tó ọjà títà ní ilé ìpọntí mìíràn

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ìrírí tèmi jẹ mọ́ àmì ẹ̀yẹ. Untappd, áàpù àwọn tó fẹ́ràn bíà, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2010, ti gbé àmì ẹ̀yẹ inú géèmù wọ inú bíà: ẹni tó mu bíà á kọ ọ́ sílẹ̀ lórí fóònù, á fún un ní máàkì, á sì máa gba àmì. Nígbà tí a fẹ́ ṣe káàdì tiwa, àwọn kan nínú wa ní kí á máa lu òǹtẹ̀ fún ife kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó bá mu ife mẹ́wàá gba ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́. Mo takò ó gidigidi. Géèmù tó bá ń san ẹ̀san fún iye ìgbà nìkan ń mú kí ènìyàn máa tẹ bọ́tìnnì láìronú, ọtí sì léwu ju bọ́tìnnì lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ gbangba ní ọdún 2023 pé kò sí ìwọ̀n ọtí kankan tí kò léwu fún ìlera. Ẹni tó mọ èyí, tí ó sì ń ta ọtí, kò gbọdọ̀ fi ẹ̀bùn ti ènìyàn láti mu ju bó ṣe fẹ́ lọ.

Àmì ẹ̀yẹ tí mo ṣì ń rántí nínú géèmù ni èyí tí mo gbà nítorí pé mo rí ibì kan tó fara sin. Nítorí náà, káàdì wa ń fúnni ní òǹtẹ̀ fún irú bíà tí ènìyàn kò tọ́ wò rí, bó tilẹ̀ jẹ́ ife kékeré, fún wíwá wo bí a ṣe ń pọn ọtí, fún mímọ òórùn oríṣi hops méjì yàtọ̀ síra, àti fún bíà tí kò ní ọtí líle nínú pẹ̀lú. Ẹni tó bá parí káàdì yóò wá bá wa yan hops tí a ó fi pọn ìkòkò kan, orúkọ tí òun bá sì fún un ni a ó kọ sí ara ìgò. Ohun kan tí mo tún fẹ́ kí gbogbo wa ṣọ́ra fún ni pé ọmọdé pọ̀ nídìí géèmù, nítorí náà kí àwòrán ara ìgò wa má ṣe jọ tiwọn. Ká tiẹ̀ ní òfin kò sọ ọ́, kò tọ́.

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ apọntí mìíràn

Mo kí gbogbo yín. Ní tèmi, géèmù Minecraft ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tà á ní ọdún 2009 nígbà tí kò tíì parí, ní owó tó dín sí ti ìgbà tó parí, wọn kò sì fi pa mọ́ pé kò tíì parí. Oṣù Kọkànlá ọdún 2011 ni odindi rẹ̀ jáde. Kò rọrùn fún ilé ìpọntí ńlá láti ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé bíà rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí bákan náà ní gbogbo ìgbà. Àwa lè ṣe é, torí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ti tó fún bíà irú èyí tí wọ́n ń pè ní ale láti kúrò lórí iná dé inú ife, ìkòkò wa sì kéré. A ń fún ìkòkò kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, a sì ń kọ ohun tó yí padà sí ara ìgò: a dín hops kù, a pààrọ̀ ìwúkàrà. Àwọn oníbàárà wá ń tọ́jú ìgò ti tẹ́lẹ̀ láti fi wé tuntun, wọ́n sì ń bá wa jiyàn lé e lórí.

Òdìkejì rẹ̀ ni géèmù No Man's Sky ti ọdún 2016. Ìlérí tó ṣáájú rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí àwọn ènìyàn rà lọ, inú sì bí wọn. Hello Games, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, wá fi àfikún ọ̀fẹ́ tún un ṣe fún ọdún púpọ̀ títí iyì rẹ̀ fi padà. Géèmù tí a ti tà ṣeé tún ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bíà tí ènìyàn ti mu kò ṣeé tún ṣe. Bí ẹ bá kọ ọsàn sí ara ìgò, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mu ún gbọ́ òórùn ọsàn. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ gbé e fún ẹni tí kò bá yín pọn ọ́n, ẹ má sọ ohunkóhun fún un; ohun tí òun bá dárúkọ ni kí ẹ kọ.